Lékeléke Etí Odò: Ìgbéraga tó Da Aṣọ Ìfọkànsìn Bora nínú Ẹ̀sìn Híńdù, àti Bí Ó Ṣe Kàn Wá

Ní sáà tó kọjá, nígbà tí a ń kọ́ kíláàsì ọdún kejì ní ẹ̀kọ́ nípa àwọn ẹ̀sìn àgbáyé, akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, ó sì bi wá ní ìbéèrè tí a kò rí ìdáhùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ará Íńdíà tí wọ́n ń gbààwẹ̀ jù wá lọ, tí wọ́n ń sùn sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, tí wọn kì í fẹ́yàwó, tí wọn kò ní ju aṣọ kan lọ, ṣé Ọlọ́run kò rí wọn ni? Bí ó bá sì jẹ́ pé ti èṣù ni gbogbo rẹ̀, ta ló kọ́ wọn ní irú ìfaradà bẹ́ẹ̀?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. A ní kí ó jókòó, pé a ó dá a lóhùn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí a délé tí a ṣí ìwé, a rí i pé kò sí ohun ẹ̀rín nínú ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Àwọn ará Íńdíà fúnra wọn ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè tó súnmọ́ ọn gidigidi láti ayébáyé: nínú gbogbo àwọn tó ń fi ìyà jẹ ara wọn nítorí Ọlọ́run, báwo ni a ṣe lè mọ ẹni tó ń wá Ọlọ́run yàtọ̀ sí ẹni tó ń wá ojú ènìyàn?

A kò kọ àpilẹ̀kọ yìí láti fi ẹ̀sìn Híńdù ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tí a ń ṣe lórí pẹpẹ ti tó. A ó ní wọ́n ń bọ màlúù, ìjọ yóò rẹ́rìn-ín, a ó sì kọjá sí kókó kejì ìwàásù wa. Ohun tó wà níwájú wa ni àìsàn kan tó máa ń mú àwọn olùfọkànsìn, níbikíbi tí wọ́n bá wà. Ó máa ń rọrùn fún ènìyàn láti rí àìsàn lára ẹlòmíràn kí ó tó rí i lára ara rẹ̀. Wòlíì Nátánì mọ èyí nígbà tó gbé ìtàn ọ̀dọ́-àgùntàn ọkùnrin tálákà lọ bá Ọba Dáfídì (2 Sámúẹ́lì 12).

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara òkúta. Ní Mamallapuram, ní etí òkun gúúsù Íńdíà, kò jìnnà sí ìlú Chennai, àpáta ńlá kan wà tí àwọn agbẹ́gilére ìgbà àwọn ọba Pallava gbẹ́ ère sí lára ní nǹkan bí ọ̀rúndún keje. Erin, ejò, òòṣà àti ènìyàn ló kún ara rẹ̀. Láàárín wọn, ọkùnrin kan tó ti rù kan egungun dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ń fi ìyà jẹ ara rẹ̀ kí òòṣà lè gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ìsàlẹ̀ àpáta náà dáadáa yóò rí ológbò kan tí òun náà na ọwọ́ méjèèjì sókè, tó ń ṣe bí ọkùnrin olùfọkànsìn yẹn gẹ́lẹ́. Àwọn eku sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọkàn wọn balẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ère yìí kò kórìíra ẹ̀sìn rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀sìn ló ń ṣe. Síbẹ̀ ó rí i pé òun kò lè ya àwòrán olùfọkànsìn kan láìya àwòrán ológbò sí ìtòsí rẹ̀.

Ológbò yìí ti pẹ́ nínú ìwé wọn. Nínú àkójọ ìtàn ẹranko tí wọ́n ń pè ní Panchatantra, ehoro àti àparò kan ń jà nítorí ihò tí wọ́n ń gbé. Wọ́n gbé ẹjọ́ wọn lọ bá ológbò kan tó ń ṣe bí ẹni tó ti fi ayé sílẹ̀. Ológbò ní òun ti dàgbà, etí òun kò gbọ́ràn mọ́, kí wọ́n súnmọ́ òun. Wọ́n súnmọ́ ọn, ó sì pa àwọn méjèèjì jẹ. Òfin Manu, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìwé òfin wọn àtijọ́, sọ ọ̀rọ̀ náà láìfi igbá bọ̀ ọ́: ní orí kẹrin rẹ̀, ó dárúkọ àwọn irú àlùfáà tí kò yẹ kí onílé fún ní omi mu pàápàá. Ọ̀kan ni èyí tó ń ṣe bí ológbò. Èkejì ni èyí tó ń ṣe bí ẹyẹ etí odò, èyí tó ń wo ilẹ̀ bí onírẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ohun tó fẹ́ gbé mì. Títí di òní, àwọn tó ń sọ èdè Hindi a máa pe alágàbàgebè ní olùfọkànsìn ẹyẹ etí odò. Àwa tí a ń gbé ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ẹ ti rí àwọn ẹyẹ funfun bíi lékeléke tí wọ́n máa ń dúró sí etí omi. Aṣọ rẹ̀ mọ́, ọrùn rẹ̀ tẹ̀, kò mira, bí ẹni tó wà nínú àdúrà. Ẹja nìkan ló mọ ohun tó dúró dè.

Nígbà tí a dé orí Bhagavad Gita, ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ sí i. Ìwé yìí, tó ní orí 18, jẹ́ apá kan nínú ìtàn gígùn tí wọ́n ń pè ní Mahabharata. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ yé ẹ̀sìn Híńdù mọ̀: ahamkara. Bí a bá tú u palẹ̀, ohun tó túmọ̀ sí ni "èyí tó ń ṣe èmi." Ohun kan wà nínú ènìyàn tó máa ń sáré fi orúkọ ara rẹ̀ sí gbogbo nǹkan: èmi ni mo ṣe é, tèmi ni, èmi ni wọ́n ń wò. Kì í ṣe nínú ẹ̀ṣẹ̀ nìkan ló ti ń ṣe é. Ó ń ṣe é nínú iṣẹ́ rere pẹ̀lú, ibẹ̀ gan-an ló sì ti ń le jù. Gita orí 3 sọ pé ẹni tó bá so ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tó jókòó tó ń fi ọkàn jẹ ohun tí kò fi ẹnu jẹ, ẹlẹ́tàn ni. Orí 16 to ìwà àwọn ènìyàn búburú lẹ́sẹẹsẹ, ohun tó sì fi ṣáájú ni dambha, ìyẹn ni fífi ìfọkànsìn ṣe àṣehàn. Orí 17 wá pín ìkóra-ẹni-níjàánu sí ọ̀nà mẹ́ta, ó sì sọ pé èyí tí a bá ṣe kí wọ́n lè bọ̀wọ̀ fún wa, kí wọ́n lè yìn wá, kò lè tọ́jọ́.

A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ka ibí yìí, yóò sì ní, "Ṣé Mátíù orí kẹfà kọ́ nìyí?" Ó jọ ọ́. Ìyàtọ̀ wà, a ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, kí a gbà pé àwọn ènìyàn yìí rí i. A máa ń sọ̀rọ̀ nígbà mìíràn bí ẹni pé láti Pẹ́ńtíkọ́sì wá ni ọgbọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Rírí i kò wá sọ pé wọ́n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní etí odò Ganges, ní Haridwar, àwọn olùfọkànsìn tó ti fi ilé àti ọ̀nà sílẹ̀ máa ń péjọ fún àjọ̀dún Kumbh, kí wọ́n lè wẹ̀ nínú odò tí wọ́n gbà pé ó ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù. Ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń wá, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì fẹ́ kọ́kọ́ wọ omi. Ní 1760, àwọn tó ń tẹ̀lé Shiva àti àwọn tó ń tẹ̀lé Vishnu fi ohun ìjà kọlu ara wọn níbẹ̀, ọ̀pọ̀ sì kú. Ẹ rò ó wò. Àwọn ọkùnrin tí kò ní ilé, tí kò ní aya, tí kò ní owó, pa ara wọn nítorí ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọnú omi ìwẹ̀nùmọ́. Wọ́n ti fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ tán, àfi "èmi" nìkan. Títí di òní, ètò ẹni tó ń ṣáájú ẹni wọ omi ṣì jẹ́ ohun tí ìjọba ń bá wọn tò kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀. Kí ẹni tó bá ti rí bí a ṣe ń to àga àwọn àlejò pàtàkì níbi àpéjọ ọlọ́dọọdún wa má tíì rẹ́rìn-ín.

Àwọn kan wà láàárín wọn tó bá "èmi" yìí jagun tọkàntọkàn. Ramakrishna, àlùfáà tẹ́ńpìlì kan ní Dakshineswar lẹ́bàá Kolkata (1836–1886), jẹ́ ọmọ ìdílé Brahmin, ìyẹn àwọn tó ga jù nínú ètò ìran wọn. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sọ pé ó yọ́ lọ sí ilé ẹnìkan lára àwọn tí wọ́n kà sí aláìmọ́ ní òru, ó sì fi irun orí rẹ̀ nu ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹni náà, kí ìgbéraga ìran lè kú nínú òun. Ṣùgbọ́n òun náà ló kọ́ wọn pé "èmi" kì í kú tán, pé bí a bá gé e, yóò tún hù. Nítorí náà, ó ní bí ó bá kọ̀ láti lọ, kí a jẹ́ kí ó máa gbé inú ilé bí ìránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ti jà tó sì rẹ̀ ni. A bọ̀wọ̀ fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú nìyí. Nínú Upanishad, tó jẹ́ ìwé ìjìnlẹ̀ wọn, ẹ̀kọ́ kan wà pé ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ ìsàlẹ̀ ọkàn ènìyàn kò yàtọ̀ sí Ẹni Gíga Jù Lọ. Àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Advaita, tí Shankara ṣe olórí wọn, ṣàlàyé pé "èmi" tí a mọ̀ yìí, èmi ọmọ Lágbájá, èmi tó fẹ́ ìyìn, ìtànjẹ lásán ni. Bí ó bá pòórá, Ẹni Gíga Jù Lọ nìkan ló kù. Nítorí náà, wọ́n ṣe ẹ̀kọ́ yìí láti pa ìgbéraga. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí "èmi" rẹ̀ kò tíì pòórá gba ẹ̀kọ́ kan náà, kí ni yóò gbọ́ nínú rẹ̀? Yóò gbọ́ pé òun ni Ọlọ́run. Oògùn tó yẹ kó pa kòkòrò ló wá di oúnjẹ kòkòrò. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá jókòó sórí àga gúrù, tí àwọn ènìyàn ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n gbà pé ẹni tó bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìtànjẹ, ta ni yóò sọ fún un pé ó ti ṣìnà? Ó ti ti gbogbo ilẹ̀kùn tí ìbáwí lè gbà wọlé.

Àpẹẹrẹ kò wọ́n. Bhagwan Rajneesh, tó kó àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ lọ sí Oregon ní Amẹ́ríkà ní 1981, ní ọkọ̀ Rolls-Royce tó lé ní 90 kí àgọ́ náà tó tú ká ní 1985. Ní 2018, ilé ẹjọ́ ní Jodhpur rán Asaram, gúrù tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ lọ jàra, lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére nítorí pé ó fipá bá ọmọdébìnrin lò. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti mú kí ìgbìmọ̀ àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ olùfọkànsìn Híńdù, tí wọ́n ń pè ní Akhil Bharatiya Akhara Parishad, gbé orúkọ ènìyàn 14 jáde ní oṣù kẹsàn-án 2017, pé ayédèrú ni wọ́n, kí àwọn ènìyàn ṣọ́ra fún wọn. A kò mọ iye ìgbà tí ẹgbẹ́ àwọn ìjọ tiwa ti ṣe irú rẹ̀ ní gbangba. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò dúró sí Íńdíà. Ní 1971, ọmọ ọdún 13 kan láti Haridwar, Prem Rawat, tí wọ́n ń pè ní Guru Maharaj Ji, wá sí London àti Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀ ló dá ẹgbẹ́ Divine Light Mission sílẹ̀. Nígbà tí bàbá kú ní 1966, ọmọdé náà jókòó sórí àga. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun tẹ̀lé e bí Olúwa. Ní oṣù kọkànlá 1973, wọ́n gba pápá ìṣeré ńlá Astrodome ní Houston fún àpéjọ tí wọ́n ní yóò bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún àlàáfíà; pápá náà kò kún rárá. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó fẹ́ ọmọbìnrin ará Amẹ́ríkà kan, ìdílé rẹ̀ sì pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ìyá rẹ̀ gbé ipò ní Íńdíà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, Prem Rawat fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ jíjẹ́ Olúwa yẹn sílẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1980 kan náà ni orúkọ yẹn di ohun tí gbogbo wa mọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá ti gba ojú títì Èkó sí Ìbàdàn kọjá ti rí àgọ́ One Love Family, níbi tí ọmọ Yorùbá kan, tó ń jẹ́ Satguru Maharaj Ji, ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé òun ni Ọ̀gá Pípé tó wà láàyè. "Satguru" túmọ̀ sí olùkọ́ òtítọ́ ní èdè wọn. A kò mú ẹjọ́ kankan wá síbí, bẹ́ẹ̀ ni a kò mọ inú ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ń wò ni bí orúkọ tí wọ́n fi ń bọlá fún olùkọ́ ní etí odò Ganges ṣe rìn dé orí ilẹ̀ wa tó sì bá ilẹ̀ tó ti rọ̀ pàdé. Nítorí kí ó tó dé ni a ti ní tiwa. Olufunmilayo Odumosu, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Jésù Ọyìngbò, wà níbẹ̀ títí tó fi kú ní 1988. Òun kò gba orúkọ lọ́wọ́ Íńdíà. Inú Bíbélì tí èmi àti ẹ ń kà ló ti mú un. Ọ̀kan fi aṣọ gúrù ṣe ìbora, èkejì fi orúkọ Olúwa wa ṣe é.

Ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ wa ní Òde-Ayé, tó ń ta epo pupa. Ọmọ rẹ̀ kejì bá irú àwọn ẹgbẹ́ gúrù báyìí lọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. A lọ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. A kó ẹsẹ Bíbélì lọ́wọ́, a ti múra ìjà. Ó gbọ́ wa tán, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Pásítọ̀, ibi tí mo wà tẹ́lẹ̀, bàbá wa nínú Olúwa ní ẹni tó bá fi ẹnu kan òun yóò kú. Ibi tí mo wà báyìí, ohun kan náà ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n níbí wọn kì í gba ìdá mẹ́wàá." Ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ló pè ní ibi tó wà tẹ́lẹ̀. A wá ọ̀rọ̀ tì. A padà sílé, ìyá sì bi wá pé báwo ló ti rí. A ní kí ó máa gbàdúrà.

Kí ni Ìwé Mímọ́ wá sọ tí Gita kò sọ? Ní Mátíù 6, Olúwa wa kò kọ́kọ́ bá àwọn aláìgbààwẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń gbà á, tó ń gbàdúrà, tó ń ṣe ìtọrẹ ló bá wí. Ó ní wọ́n ti gba èrè wọn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ti le tó: kò ní wọn kò gba nǹkan. Wọ́n gbà á tán, ní ojú pópó, lọ́wọ́ àwọn tó ń wò wọ́n. Nínú Lúùkù 18, Farisí inú tẹ́ńpìlì kò purọ́. Ó gbààwẹ̀ ní tòótọ́, ó sì san ìdámẹ́wàá ní tòótọ́. Ọpẹ́ ló ń dú pàápàá, ọpẹ́ náà sì wà fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí a bá ka gbólóhùn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni olúwa inú gbogbo rẹ̀. Pọ́ọ̀lù sì kọ̀wé sí àwọn ará Kólósè nípa àwọn tó ń fi ìrẹ̀lẹ̀ ṣe ohun ìgbéraga, tí wọ́n ń fìyà jẹ ara, tí ó sì dà bí ọgbọ́n lójú. Ó ní kò ní agbára kankan láti dá ẹran ara dúró (Kólósè 2:18-23). Ìrẹ̀lẹ̀ pàápàá lè di ohun àṣehàn. A ti rí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìjọ, tó sì ń fi ojú kan wo ibi tí kámẹ́rà wà.

Títí dé ibí, àwọn ará Íńdíà lè bá wa mi orí. Ibi tí a ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn wà nínú ohun tí a gbà pé ó fa àìsàn náà. Lójú Advaita, àìmọ̀ ni: ènìyàn kò mọ ẹni tó jẹ́, bí ó bá sì mọ̀, "èmi" yóò yọ́ dànù bí yìnyín. Lójú Ìwé Mímọ́, ọ̀tẹ̀ ni. Ádámù mọ ohun tó ń ṣe. Ìmọ̀ kò wo ọlọ̀tẹ̀ sàn, ìdáríjì ló ń wò ó sàn. Nítorí náà ni Pọ́ọ̀lù kò fi sọ nínú Gálátíà 2:20 pé òun ti pòórá. A kàn án mọ́ àgbélébùú, ó sì wà láàyè síbẹ̀, ẹlòmíràn ló sì wá ń gbé inú rẹ̀. Ọlọ́run kò fẹ́ pa Pọ́ọ̀lù rẹ́. Ó fẹ́ Pọ́ọ̀lù tó bọ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Èyí tó sì yẹ kó dẹ́rù bà wá ni 2 Kọ́ríńtì 12: lẹ́yìn ọ̀run kẹta, lẹ́yìn ìran tí kò ṣeé sọ, Ọlọ́run rí i pé àpọ́sítélì náà lè gbéra ga, ó sì jẹ́ kí ẹ̀gún wà nínú ẹran ara rẹ̀. Ìran kò mú ìgbéraga kúrò. Ìran gan-an ló fà á tí a fi nílò ẹ̀gún.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba ìyàsọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé wa. Ní apá ibí, bí ọ̀dọ́ kan bá ti orí òkè àdúrà sọ̀ kalẹ̀, iye ọjọ́ tó lò níbẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ìjọ. Ọjọ́ 7 kò jẹ́ nǹkan mọ́. Ọjọ́ 21 ń bẹ lẹ́nu ọmọ tí kò tíì ka Ìwé Róòmù tán. A tẹ̀ ẹ́ sára pátákó ìpolongo, a kà á kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ìjọ sì ń fi pe oníwàásù bí ẹni ń wo ìwọ̀n ìṣù lọ́jà. Tí ìwàásù rẹ̀ kò bá wá ní ìtumọ̀, ta ni yóò sọ̀rọ̀? Ẹni àmì òróró ni. A yọ ẹsẹ kan kúrò nínú Orin Dáfídì 105, tó ń sọ nípa ìtọ́jú Ọlọ́run lórí àwọn baba ńlá Ísírẹ́lì nígbà tí wọ́n jẹ́ àlejò tí kò ní olùgbèjà, a sì fi ṣe odi yí ẹni tó ní ọ̀pá àti agbára ká. Èyí ni àga gúrù gan-an. Orúkọ rẹ̀ nìkan la yí padà.

A rántí Sadhu Sundar Singh níbí yìí. Ìdílé Sikh ní Punjab ni wọ́n bí i sí ní 1889. Ó gba Jésù, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 1905, ó sì wọ aṣọ olùfọkànsìn ilẹ̀ rẹ̀, ó ń rìn láìwọ bàtà láti abúlé dé abúlé láti wàásù títí tó fi gba ọ̀nà Tibet lọ ní 1929, tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Aṣọ tí ológbò àpáta fi ń tan eku ni ó wọ̀, ó sì fi wàásù Kristi. Ní 1913, ó wọ igbó lọ láti gbààwẹ̀ ọjọ́ 40 bíi ti Olúwa. Ó kó òkúta 40 sẹ́bàá ara rẹ̀, kí ó máa sọ ọ̀kan nù lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ rẹ̀ débi pé kò lè sọ òkúta mọ́, àwọn tó ń gé ọparun ló sì rí i tí wọ́n gbé e. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn dé Yúróòpù, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí rẹ̀: ṣé ó pé 40 àbí kò pé? Ìwé wá lórí ìwé. Ọ̀rọ̀ òkúta yẹn ló wú wa lórí jù. Ẹni tó gbààwẹ̀ náà kò mọ iye rẹ̀. Ó pàdánù ìṣirò rẹ̀ nínú igbó, ó sì jáde pẹ̀lú ayọ̀. Àwọn tí kò gbà á ló ń ka òkúta.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká wa lára ni fọ́ọ̀mù kan. Fọ́ọ̀mù tí àwọn tó fẹ́ gba ìyàsọ́tọ̀ ń kọ lọ́dọ̀ wa ní ìlà kan tó ń béèrè ààwẹ̀ tó gùn jù tí ẹni náà ti gbà, àti iye ọjọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó kan àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, a ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọjọ́ 40 nítorí fọ́ọ̀mù yẹn ni, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, ibà dá wa dùbúlẹ̀. Àǹtí wa gbé pupuru àti ọbẹ̀ ẹja síwájú wa, ó sì dúró tì wá títí a fi jẹ ẹ́. Ara wa yá ní ọ̀sẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà a kọ 40 sínú fọ́ọ̀mù. Kò sí ẹni tó bi wá. Ní ọjọ́ ìyàsọ́tọ̀, alàgbà kan kà á sókè sétí ìjọ, ìjọ sì pàtẹ́wọ́. Àǹtí wa wà nínú ìjọ lọ́jọ́ náà. Ó pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn, ó wo ojú wa, kò sì dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ títí tó fi lọ sọ́dọ̀ Olúwa. A gba èrè wa tán lọ́jọ́ yẹn. Yàtọ̀ sí ìyàwó wa, a kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni kí a tó kọ ọ́ síhìn-ín.

Ohun tí a dá akẹ́kọ̀ọ́ náà lóhùn lọ́sẹ̀ kejì ni pé Ọlọ́run rí àwọn ará Íńdíà, ó sì rí wa. Pé a kò mọ ẹni tó kọ́ wọn ní ìfaradà, ṣùgbọ́n ìfaradà kì í gba ènìyàn là, tiwọn àti tiwa. Ó ní, "Sà, kí ni kí n wá kọ sí ìlà ààwẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù?" Ẹ̀rín kò wá ní kíláàsì lọ́jọ́ yẹn.

A ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìyàsọ́tọ̀ pé kí wọ́n yọ ìlà náà kúrò. Kì í ṣe pé a kò fẹ́ ààwẹ̀. Olúwa wa sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá ń gbààwẹ̀, kò ní bóyá a ó gbà á. Ṣùgbọ́n ó ní kí ó wà ní ìkọ̀kọ̀, ìkọ̀kọ̀ kò sì ní ìlà nínú fọ́ọ̀mù. A dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi ìbéèrè mìíràn rọ́pò rẹ̀: ta ni ẹni tó lè bá ọ wí, tí ìwọ yóò sì gbọ́? Kí ẹni náà sì fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ ní bí a bá yọ ọ́, àwọn ọ̀dọ́ kò ní gbààwẹ̀ mọ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n tọ̀nà nípa àwọn kan. Àgbà kan bi wá pé ta ni ó ń bá àwa náà wí, a sì dárúkọ ẹni náà fún un. Wọ́n sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé oṣù kọkànlá.

Kí ìpàdé yẹn tó dé, akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò ti kọ fọ́ọ̀mù tirẹ̀. A ti sọ fún un pé kí ó fi àlàfo náà sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan, bí wọ́n bá sì bi í léèrè, kí ó ní àwa la ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.